Bí Òkun Bá Tutù ní Fidjrossè

Oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù létíkun Fidjrossè, ní Cotonou ní orílẹ̀-èdè Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onígbafẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá nígbà náà. Ìkùukùu a bo ojú ọ̀run, atẹ́gùn òkun a máa wọni lára, síbẹ̀ òjò kì í rọ̀ púpọ̀. Ìsinmi òjò ni, kí àrọ̀kúrò tó dé. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi yóò tètè fà á yọ: òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ní nǹkan bíi 29°C nínú oṣù Kẹrin ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 25°C.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹja trout ló máa ń lọ dẹ nínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò, wọn a wá jù ú sójú omi kó máa léfòó, kí ẹja lè gòkè wá gbé e. Nígbà tí mo sọ fún un pé òkun wa ti tutù, tí mo sì dárúkọ ìwọ̀n rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja tèmi á ti kú sínú òtútù yín.” Òótọ́ ló sọ. Omi tó bá ti gbóná dé 25°C, ikú ló jẹ́ fún trout.

Síbẹ̀, ohun kan náà là ń wá, èmi àti òun: ibi tí òtútù bá wà lẹja wà. Tiwa yìí, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, atẹ́gùn àti ìṣàn omi òkun tó ń gba etíkun wa lọ síhà ìlà oòrùn máa ń jẹ́ kí omi ibú ru sókè. Ó lágbára jù ní Côte d'Ivoire àti Ghana, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nà dé Tógò àti ọ̀dọ̀ wa. Omi náà kó ọ̀rá gbogbo ohun tó ti jẹrà sí ìsàlẹ̀ òkun dání. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, àwọn ewéko tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú omi, ṣáwá àti àwọn ẹja bíi tirẹ̀ yóò wá jẹun lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹja ńlá yóò tẹ̀lé wọn. Òtútù tó ń dá òjò dúró lókè náà ló ń pe ẹja wá sétí ilẹ̀.

Ní Fidjrossè, ẹnì kan kì í dá ẹja yìí kó. Àwọn Xwla, àwọn Mina àti àwọn Anlo tó ti agbègbè Keta ní Ghana gbé àwọ̀n wọn káàkiri etíkun ló mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn kan á di orí okùn kan mú lórí yanrìn. Ọkọ̀ á la ìgbì kọjá, á máa tú àwọ̀n sómi bó ti ń yí po, á sì gbé orí okùn kejì gúnlẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì á wá máa fà, orin lẹ́nu, wọn á máa sún mọ́ ara wọn títí àpò àwọ̀n yóò fi yọ nínú ìfófòó. Ẹni tó ń kọjá lọ tó bá ran wọn lọ́wọ́ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Èmi náà ti jẹ nínú ẹja bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọmọ ẹja tó máa ń wà nínú àpò náà. Ojú àwọ̀n a máa há, àkókò òtútù yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ń yé ẹyin. Bí àbúrò mi bá mú trout tó kéré, á yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀, á dá a padà sínú odò. Òun nìkan ló ni ìpinnu náà. Lórí okùn tí ogún ènìyàn dì mú ńkọ́? Ẹni tó bá jọ̀wọ́ tirẹ̀ kò gba ẹja kankan là. Ó kàn dá kún ẹrù ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ìpinnu àjùmọ̀ṣe ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń fẹ́. Ní 2018, ìjọba Ghana fẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ ìpẹja kéékèèké sinmi nínú oṣù Kẹjọ, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin. Àwọn apẹja fárígá, nítorí ìgbà ìkórè wọn nìyẹn, ìjọba sì so ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àṣẹ náà wá múlẹ̀ láti 15 oṣù Karùn-ún sí 15 oṣù Kẹfà. Oṣù tí ebi rẹ̀ ṣeé fara dà díẹ̀ ni wọ́n lò.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àgbájọ ọwọ́ náà la ó fi fi àwọ̀n sílẹ̀. Bí wọ́n bá máa pe ìpàdé lórí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ní Fidjrossè, kí wọ́n má ṣe pe olówó àwọ̀n àti àwọn afàwọ̀n nìkan. Kí wọ́n pe àwọn ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú, nítorí owó tí wọ́n ń yá àwọn apẹja ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sójú omi, àwọn náà ló sì mọ iye ọjọ́ tí ilé lè fi jẹun láìsí ẹja tútù.