Mo Pa Màmá Lẹ́nu Mọ́

Ó lé ní ọdún 15 tí mo ti ń mójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìjọ wa n'Íbàdàn. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí ló wúwo jù lọ́kàn mi.

Ìjọ dáwó ra processor tuntun fún àwọn sípíkà wa, ẹ̀rọ tó lè yẹ gbọ̀ngàn wò kó sì tún ohùn ṣe fúnra rẹ̀. Èèyàn á gbé máìkì ìdánwò kalẹ̀, ẹ̀rọ á da ariwo kan bí òjò orí páànù sínú sípíkà, á gbọ́ bó ṣe dún nínú ilé, á wá máa fa parametric equalizer, ìyẹn ohun tó ń fi kún ohùn tàbí tó ń dín in kù, sókè sódò. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Èmi tí mo ti ń fi etí ṣe é látọjọ́ yìí, mo ní ìsinmi dé.

Alẹ́ Sátidé ni mo ṣe é. Torí mi ò fẹ́ gbé àga kúrò, ẹ̀yìn pátápátá ni mo gbé máìkì sí, mítà 1 péré sí ògiri. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ìgbì ohùn 85 Hz gùn tó mítà 4. Èyí tó kọjá máìkì, tó lu ògiri tó sì padà, ti rin mítà 2 sí i, ìyẹn ìdajì ìgbì. Bó ṣe pàdé èyí tó ń bọ̀, wọ́n pa ara wọn, bí ẹni pé ihò wà nínú ohùn. Ibi tí máìkì dúró sí nìkan ni ihò yẹn wà. Ẹ̀rọ rò pé gbogbo ilé ni, ó bá fi 9 dB kún ohùn ìsàlẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́ débi tó kan ohùn èèyàn. 9 dB yẹn, agbára ìlọ́po 8 ni amplifáyà ń wá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kan tó ti lé ní 70 ọdún dìde láti ka Bíbélì. Ohùn wọn dún bíi tẹni tó wà nínú àgbá. Wọ́n ń pe “tọ́,” èèyàn ò mọ̀ bóyá “kọ́” ni. Mo mú máìkì tèmi, gbogbo ìjọ ń gbọ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un mọ́ ẹnu, kí ẹ la ẹnu dáadáa.” Wọ́n tún un kà. Kò yàtọ̀. Wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n lọ jókòó.

Mo wo ojú ẹ̀rọ, ìlà tó ń fi bí ohùn ṣe rí hàn tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé kò sí ìṣòro kankan. Mo gba ìlà yẹn gbọ́ ju etí mi lọ, fún oṣù méjì gbáko, títí coil sípíkà ńlá fi jóná.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ibi tí mo gbé máìkì sí ló fà á. Mo pa gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ṣe rẹ́. Mo tan sípíkà apá kan ṣoṣo, mo gbé máìkì yí ibi mẹ́fà ká láàárín àga. Ihò tó wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn, mi ò fọwọ́ kàn án. Èyí tó ga jù níbi gbogbo, mo gé e díẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, mo ṣì ń lò ó. Èmi ni mo gbé etí rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Màmá. “Kì í ṣe ẹnu yín, Màmá. Èmi ni.” Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní àwọn rò pé eyín táwọn yọ ló fà á. Látọjọ́ náà, alaalẹ́ làwọn ń ka Bíbélì sókè ní yàrá, táwọn ń bi ọmọ-ọmọ àwọn bóyá ọ̀rọ̀ àwọn ṣì ń já gaara.