Bí Ẹ̀rọ Bá Gba Dókítà Nímọ̀ràn

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí: "gbà". Ẹni tí ó lóye ń gbà wá nímọ̀ràn. Bí a bá tẹ̀ lé e, àwa náà gba ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbọ́ kí ó má gbà.

Ohun tí ó wà láàárín dókítà àti ẹ̀rọ nìyẹn ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí aláìsàn wà láàárín ikú àti ìyè. Kọ̀ǹpútà ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò, ó sì ń kìlọ̀ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ìwádìí kan láti San Francisco, tí ó jáde ní 2014, ka ìró ìkìlọ̀ ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀: 187 lórí ibùsùn kan lóòjọ́. Nínú ìkìlọ̀ nípa ọkàn tí kò lù déédéé tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ìdá 89 nínú 100 ni kò rí bẹ́ẹ̀. Etí tí ó ń gbọ́ èyí tọ̀sán-tòru kò ní pẹ́ dijú sí i.

Ewu sì ni, nítorí sepsis kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Sepsis ni ìgbà tí ara, bí ó ti ń bá kòkòrò àrùn jà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ẹ̀yà tirẹ̀ jẹ́. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan yẹ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ sepsis ti ilé-iṣẹ́ Epic wò. Kò rí ìdá 67 nínú 100 àwọn tí àrùn náà ń ṣe, síbẹ̀ ó kìlọ̀ lórí ìdá 18 nínú 100 gbogbo àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe rò pé agídí ló ń ṣe àwọn dókítà. Ní 2022, ìròyìn jáde nípa TREWS, ẹ̀rọ Johns Hopkins, ní ilé ìwòsàn 5. Àwọn oníṣègùn yẹ ìdá 89 nínú 100 ìkìlọ̀ rẹ̀ wò; àwọn aláìsàn tí dókítà fọwọ́ sí ìkìlọ̀ wọn láàárín wákàtí 3 kò sì kú tó àwọn yòókù. Nígbà tí a bi àwọn oníṣègùn léèrè, wọ́n ní ojú kejì ni ó jẹ́ fún wọn: wọ́n ti rí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́rìí sí i, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Bí aláìsàn bá kú, dókítà ni ẹbí yóò bi léèrè. Ẹni tí yóò jíhìn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé "Kí lo rí?" kí ó tó gbà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ ni ọmọdé níbí. Ó lè rí ohun tí ojú àgbà tí ó ti rẹ̀ kò rí. Kí ó sọ̀rọ̀ níwọ̀n, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ṣẹ. Àgbà yóò gbà.