Kí Ẹ Tó Ra Rédíò Fún Àwọn Òbí Yín

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ràn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, bí ààwẹ̀ Ramaḍān bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní ilé-kéwú a máa bi mí pé: "Ùsítáàsì, irú rédíò wo ni kí n rà fún ìyá mi?" Ìbéèrè náà kò kéré. Ìyá tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé mọ́sálásí mọ́, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wáàsí fi ń wọlé tọ̀ wọ́n. Nínú Sūratul-Isrā', āyah 23, Ọlọ́hun so ìjọ́sìn Rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣíṣe dáadáa sí òbí, Ó sì dárúkọ ìgbà ogbó wọn ní pàtó. Bí ẹ bá wá ra rédíò tó kàn ń hó nínú yàrá, tó jẹ́ pé ìta, nínú ìrì, ni màmá gbọ́dọ̀ jókòó sí kí wọ́n tó gbọ́ tafsīr, ẹ ti náwó, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ torí rẹ̀ náwó kò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń fà á. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń dín agbára ìgbì rédíò kù. Òrùlé páànù ní tirẹ̀ a máa dá a padà. Fèrèsé ló sábà máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà wọlé.

Àwọn kan rò pé rédíò sátẹ́láìtì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti ní irú rẹ̀ rí ní Áfíríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni sátẹ́láìtì AfriStar ti ilé-iṣẹ́ WorldSpace gòkè lọ sí òfuurufú. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n èríà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí apá ibi tí sátẹ́láìtì náà wà lójú ọ̀run, láìsí òrùlé tàbí ògiri láàárín wọn. Ní 2008, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, iṣẹ́ náà sì dópin lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú rédíò wọn lórí àtẹ tòkunbọ̀ lónìí, apá sátẹ́láìtì rẹ̀ kò ní ohun tí yóò gbé mọ́. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń lo SiriusXM, ẹ gbé èríà rẹ̀ sí ojú fèrèsé tó rí ojú ọ̀run gbangba.

Fún àwa tí a wà nílé, FM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bi òbí yín léèrè ìbùdó tí wọ́n ń gbọ́, bóyá Amúlùdùn 99.1 ní Ìbàdàn ni, tàbí òmíràn. Ẹ wo èríà rédíò náà: ìgbì FM gùn tó nǹkan bíi mítà 3, nítorí náà èríà tó bá lè nà tó sẹ̀ǹtímítà 75 máa ń ṣe dáadáa ju èyí tó kúrú lọ. Bó bá ní ojú ihò tí a lè ki wáyà èríà bọ̀, ó tún dára sí i, torí a lè na wáyà náà dé ojú fèrèsé. Bó bá jẹ́ AM ni wọ́n ń gbọ́, rédíò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa yí, torí inú rẹ̀ ni èríà AM wà. Bí ariwo bá pọ̀, ẹ yọ ṣájà fóònù, kí ẹ sì pa gílóòbù. Wọ́n wà lára ohun tó máa ń da AM rú. Ẹ má gbàgbé bátìrì, nítorí iná ìjọba kì í dúró de wáàsí.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó. Lábẹ́ agboòrùn ọlọ́jà, kò sí rédíò tí kì í sọ̀rọ̀. Yàrá tí òbí yín ń sùn ni ibi ìdánwò. Ibí gan-an ni òfin ẹ̀sìn wa ti ràn wá lọ́wọ́. Ọkùnrin kan nínú àwọn Sàhábà wà tí àwọn èèyàn máa ń rẹ́ jẹ lọ́jà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ ọ pé bó bá ń rajà, kó sọ ọ́ síta pé kò gbọdọ̀ sí ìrẹ́jẹ. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, ó fún un ní òru mẹ́ta láti yàn bóyá yóò mú ọjà náà tàbí yóò dá a padà. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní khiyār. Ní mádhabu Mālik tí àwọn àgbà wa ń tẹ̀lé, bí ọjà bá ti rí ni ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ ṣe máa gùn tó.

Báyìí ni mo ṣe ra ti ìyá mi. Kí n tó sanwó, mo sọ fún ọlọ́jà pé ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ láti dán an wò nínú yàrá wọn, ó sì gbà. Èyí àkọ́kọ́ ń da ohùn ìbùdó méjì pọ̀ mọ́ra. Mo dá a padà pẹ̀lú páálí rẹ̀, láìsí ìfarapa kankan lára rẹ̀, torí ọjà tí a ń dán wò, àmánà ni. Ọlọ́jà kò bínú, ó fún mi ní òmíràn tí èríà rẹ̀ gùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, orí ibùsùn ni ìyá mi ti gbọ́ wáàsí títí dé àdúà ìparí, tí wọ́n sì ń dáhùn "Āmīn" sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tajà, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bi olówò náà léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí èèyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Rédíò tí ẹ mọ̀ pé kò gbé ìbùdó dáadáa nínú ilé, ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà.

Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ fi àmì sí ibi tí ìbùdó wọn wà, kí ẹ jókòó ti òbí yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa padà wá. Rédíò kì í dáhùn ìbéèrè, ohùn ọmọ ni wọ́n ń retí.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn òbí wa jẹ èrè wa pẹ́. Āmīn. Wa billāhi t-tawfīq.