A Fẹ́ Fi Ebi Pa Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ àṣìṣe wa, kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ìyá ọ̀rẹ́ wa kan. Láti ọgbà wa níhìn-ín lókè Ọya la ti tẹ̀ wọ́n láago pé ṣúgà ni oúnjẹ jẹjẹrẹ. Màmá gbà wá gbọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Wọ́n pa ẹ̀kọ, iyán àti èso tì. Wọ́n rù hangogo, dókítà sì dá abẹ́rẹ́ wọn dúró.

Lóòótọ́, láàárín ọdún 1920 sí 1930, Otto Warburg ará Jámánì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa jẹ ṣúgà gidigidi. Ṣùgbọ́n bí a kò jẹun, ẹ̀dọ̀ wa yóò ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Aláìsàn ni ìyà ń jẹ. Oògùn ló lè dá jẹjẹrẹ mọ̀ yàtọ̀. Asparaginase, fún àpẹẹrẹ, a máa ba èròjà asparagine inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan kò lè ṣe èròjà yìí tó fúnra rẹ̀, ló bá kú. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa ń ṣe tiwọn.

A bẹ Màmá. Wọ́n ní àwọn ti ń mu ẹ̀kọ padà, kí àwa náà lọ parí ẹ̀kọ́ wa.