Ní Kùmásì, Ẹ Bèèrè Bí Igi Ṣe Gbẹ Tó Kí Ẹ Tó Bèèrè Owó

Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ni ènìyàn kọ́kọ́ ń gbọ́ bí ó bá ń sún mọ́ Sokoban Wood Village ní Kùmásì, lẹ́yìn náà ni òórùn igi tútù. Anloga, láàárín ìlú, ni ọjà yìí wà tẹ́lẹ̀. Títì tuntun ló gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, oníṣòwò pákó, onílẹ̀kùn, oníbẹ́ẹ̀dì àti gbẹ́nàgbẹ́nà jọ wà lójú kan. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé igi ilé ni púpọ̀ nínú wọn, orúkọ ló yàtọ̀. Odum tí wọ́n ń pè ni ìrókò wa. Ofram ni afárá, emire ni ìdígbó, papao ni apá. Wawa ni arère. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kí ẹ tó lọ, nítorí Twi ni èdè ọjà náà.

Nítorí yàrá Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, la ṣe lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ṣòwò ní Ghánà tipẹ́tipẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ agbo ilé sì tú ká. Àwọn kan padà lọ nígbà tó yá. Màmá wà lára wọn. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, táìsì yàrá rẹ̀ sì ti yọ̀ ọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ dá owó jọ fún ilẹ̀ onípákó. Owó yàrá kan ni. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kùmásì, ló mú wa yí ọjà ká.

"Ẹ káàsán, Baba. Ìrókò la fẹ́ rà."

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìrókò dára. Ìgbà wo ni wọ́n là á?"

A ò mọ̀, ẹni tó ń tà á náà ò sì lè sọ. Baba ní ká máa lọ síwájú.

Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Igi tútù kún fún omi. Bí omi rẹ̀ bá ti dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì nìyẹn. Bí ẹ bá kan pákó ìrókò fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10 mọ́lẹ̀ nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìdá 25, tó wá gbẹ dé ìdá 12, ó lè fi mílímítà méjì sí mẹ́ta dín. Nínú yàrá mítà mẹ́rin, pákó 40 ló tò síbẹ̀: àyè tó ṣí lápapọ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 12. Owó ẹyọ á máa já bọ́ sáàárín pákó. Ọyẹ́ ló máa ń tú àṣírí yìí, nígbà tí ẹni tó ta igi ti ná owó tán.

Ìdá 12 dára fún yàrá lásán. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ó dín díẹ̀ sí i. Mítà kékeré wà tí wọ́n ń gún mọ́ igi láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá rí i, òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó. Ẹ gé igi kékeré láti àárín pákó, kì í ṣe etí rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ yan án nínú ààrò tí iná rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí gíráàmù 112 bá di 100, ìdá 12 ni. Tiwa àkọ́kọ́ di 100 láti 124. A dá a padà.

Kì í ṣe gbogbo igi ló tọ́ sílẹ̀. Arère rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ àga lásán á gún un. Ìrókò àti apá ni a fẹ́ràn jù nínú èyí tí a rí, nítorí pé bí ojú ọjọ́ bá yí padà, wọn kì í sáré wú tàbí kí wọ́n sún kì. Ẹ sá fún apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo: òun ni kòkòrò ajẹgi kọ́kọ́ ń wá. Apá ló wu Baba, ṣùgbọ́n ìrókò tó gbẹ ni owó wa ká, òun la sì rà.

Ẹ bèèrè ìwé igi náà. Láti ọdún 1998 ni òfin Ghánà ti ka fífi ẹ̀rọ ìgégi ọlọ́wọ́ la pákó títà léèwọ̀, síbẹ̀ ó pọ̀ lọ́jà. Forestry Commission lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, owó ẹbí á sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ igbó tó ń tán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa igi kan, ilé ìwádìí igbó, FORIG, wà ní Fumesua lẹ́bàá Kùmásì.

Kí pákó tó dé, ẹ yẹ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ mítà kan sílẹ̀, ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká, kí ó di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà ni kí pákó sùn nínú yàrá náà fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi oògùn ikán sí ló lọ sábẹ́. Èyí tí Baba kọ́kọ́ mú wá nípọn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀, yóò di àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó sì lè gbé arúgbó ṣubú nìyẹn. A ní kí ó fi ìdajì rẹ̀ ṣe é, kí ó sì fá pákó ẹnu ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ̀yin wọ̀nyí ti mọ Màmá yín." Ẹ̀gbẹ́ pákó kan ní ahọ́n, ti èkejì ní ihò tí ahọ́n náà ń wọ̀, ahọ́n ni a ń la ìṣó gbà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí ìṣó má ṣe hàn. Ìrókò le, nítorí náà a kọ́kọ́ ń lu ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò là. A fi àyè mílímítà 12 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri yíká kí pákó lè wú nígbà òjò. Igi ẹ̀bá ògiri ló bò ó.

Eruku ìrókò máa ń ta ojú àti imú, ó sì burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Màmá àti àwọn ọmọ sun ilé aládùúgbò lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ra ilẹ̀ náà. Òróró igi ni a fi kun ún dípò fáníìṣì tó ń dán, nítorí èyí tó ń dán á tún máa yọ̀.

Ìrókò tuntun máa ń ní àwọ̀ iyeyè, ìmọ́lẹ̀ á sì sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má tíì tẹ́ ẹní sí i fún oṣù mélòó kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ẹní á hàn lórí rẹ̀. Aṣọ tí a fún dáadáa ni Màmá fi ń nù ún. Garawa omi kò wọ yàrá náà mọ́, ó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé.