Òróró Lárà Inú Ẹ́ńjìnnì

Òórùn ni. Nígbà tí mo tú orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù Greeves tí mo ń tún ṣe ní gáréèjì ilé wa, òórùn kan gba imú mi tí kì í ṣe ti bẹntiróòlù, tí kì í sì í ṣe ti ọ́ìlì dúdú ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì. Ó dùn díẹ̀, ó wúwo, kì í tètè lọ. Mo mọ̀ ọ́n níbì kan, n kò sì rántí ibẹ̀. Ìyẹn ló dà mí láàmú. Mo lè fi sípánà sílẹ̀ kí n lọ dáná, òórùn náà á ṣì máa bi mí pé níbo la ti pàdé.

Alùpùpù eré-ìje inú ẹrẹ̀ ni Greeves yìí, irú èyí tí wọ́n fi ń fò lórí gegele. Challenger ni wọ́n ń pè é, 246 cc, iṣẹ́ ọdún 1965. Thundersley ní Essex ni wọ́n ti ṣe é, kò sì jìnnà sí Basildon tí à ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, síbẹ̀ Dave Bickers fi alùpùpù wọn gba ipò kìíní ní Yúróòpù ní 1960, ó tún gbà á ní 1961. Opó kan ní àdúgbò wa ló ta tèmi fún mi. Ọkọ rẹ̀ ló fi sáré nígbà èwe. Lọ́jọ́ tó ṣíwọ́ eré, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án títí ó fi kú. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Mo fi gbogbo ara mi dúró lórí kíìkì, kò tilẹ̀ mira.

Ẹni tó bá wo ara rẹ̀ á ní eré-ìje ló pa á, nítorí àpá òkúta kún férémù rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n inú sílíńdà ń dán. Písítìn kò fọ́, kò jó. Nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló dì í mú, ó le gbagidi bíi fáníìṣì ara àga, ó ti kún ojú ihò tí àwọn ríìǹgì ń jókòó sí. Mo da bẹntiróòlù sí i, bẹntiróòlù kàn ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀: òróró lárà.

Lárà, igi orí àkìtàn lẹ́yìn ilé ìyá wa àgbà! Kí ló ń wá nínú ẹ́ńjìnnì òyìnbó? Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I Better Pass My Neighbour mọ̀ ọ́n: a máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù ni, kó máa ra ara irin bó ṣe ń kọjá lọ sínú iná. Láyé Bickers, òróró lárà ni ọ̀pọ̀ eléré-ìje fẹ́ràn, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà ní Castrol R. Òun náà ni wọ́n ti dà sí ọkọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí irin bá gbóná débi tí ọ́ìlì míì ń sá, lárà kì í sá. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní ricinoleic tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òróró náà, òun ló ń so mọ́ irin. Mo ro èyí títí, ó gba oorun lójú mi. Ìsomọ́ tó fi ń gba irin là náà ló fi ń di gọ́ọ̀mù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ti àná ń jó lọ, tuntun ń dé. Bí ó bá dúró, èyí tó kù síbẹ̀ á gbẹ, á sì di irin tó ti ń dáàbò bò mú.

Nígbà èwe wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn họlidé ni ọ̀sẹ̀ òróró lárà. Ìyá wa àgbà á tò wá láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò, ṣíbí kan fún oníkálukú, ọsàn á tẹ̀lé e kí ẹnu má baà kọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní jìnnà sí ṣáláńgá mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀kọ gbígbóná ń dé. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, “Màmá, ara wa le, kí lẹ wá ń fún wa lóògùn sí?” Wọ́n ní, “Ṣé mo ní inú ń run yín ni? Oúnjẹ tí ẹ jẹ ò ṣe yín ní nǹkan kan. Èyí tó jókòó sínú yín tí kò lọ, òun ni mò ń lé.”

Ásíìdì ricinoleic kan náà ló ń ṣí inú ọmọ. A máa ń gbọ́ pé ó ṣe àwọn awakọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ símú lójú ọ̀run.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ màmá ti padà wá sí mi lọ́kàn ni bùláńkẹ́ẹ̀tì ọkọ opó yẹn ti di nǹkan míì lójú mi. Ìfẹ́ ló fi bò ó. Gbogbo ọdún tó fi ń jù ú sínú ẹrẹ̀, tó ń ṣubú, tó ń gbé e dìde, alùpùpù náà yè. Àwọn ọdún tó fi dáàbò bò ó ló pa á. Ó dùn mí gan-an, nítorí gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìtọ́jú ló ṣe. Òróró inú rẹ̀ nìkan ni kò tú jáde.

Ẹ sì wo ìran tí alùpùpù yìí ti wá. Bert Greeves, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, ní mọ̀lẹ́bí kan, Derry Preston-Cobb, tí kò lè fẹsẹ̀ rìn. Bert so ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó lè máa lọ síbi tó bá wù ú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Invacar sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn aláìlera, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ alùpùpù. Kí ẹni tí kò lè rìn lè máa rìn ni ilé-iṣẹ́ yìí fi wáyé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lábẹ́ aṣọ.

Mo se písítìn náà ní gbangba ìta, nínú kúláǹtì tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, nínú ìkòkò tí a kò ní fi se oúnjẹ mọ́, nítorí májèlé ni. Díẹ̀díẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tú, tí àwọn ríìǹgì bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí n gbé e sí pálọ̀. N kò ní gbé e sí pálọ̀. Wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ sáré ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ẹrẹ̀ ni mo sì ń gbé e lọ.

Mo mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, Vespa bàbá ẹnì kan wà lábẹ́ tápólì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Suzuki ẹlòmíì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nítorí olóògbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ tú bẹntiróòlù inú táńkì àti kabúrétọ̀ dànù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì tuntun sí ojú ihò rẹ̀, kí ẹ tẹ kíìkì alùpùpù náà jẹ́jẹ́. Bó bá yí, ẹ pe mẹ́káníìkì tó mọ irú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde sójú títì.