Ìlú tí wọ́n ti ń fi yìnyín kọ́ ààfin: Ohun tójú àwa mẹ́rin rí ní Quebec

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òtútù Kánádà dà bí ọyẹ́ ilé wa, ẹ dá a lóhùn pé irọ́ gbuu ló ń pa. Ọyẹ́ á ha èèyàn létè, èèyàn á fi òrí pa á, ó parí. Ti Kánádà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọ irun tán tẹ́ ẹ sáré jáde láì dé fìlà, kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, irun á ti gan paali. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin, ilé sí ibiiṣẹ́, ibiiṣẹ́ sí ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Montreal máa ń rìn. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù lóṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú. Èèyàn lè wà níbẹ̀ kó má mọ̀ bóyá ẹni tó ń gbé òkè ilé òun ṣì wà láàyè.

Ìdí nìyẹn tó fi yà wá lẹ́nu nígbà tá a kọ́kọ́ gbọ́ pé ìlú kan wà, tí kò ju ìrìn wákàtí mẹ́ta sí wa lọ, táwọn aráàlú ibẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jáde sínú òtútù ọ̀hún tìlù-tìfọn. Quebec ni wọ́n ń pe ìlú náà, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Carnaval sì lorúkọ ọdún tí wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a bọ̀ títí di ọdún 1955, tó wá di ọdọọdún. Ìgbà tí òtútù bá sì le jù lọ gan-an ni wọ́n fi í sí, láti ìparí oṣù Kìíní wọ oṣù Kejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí fàájì la ṣe lọ o. Torí ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ni.

Ọ̀nà Roxham, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, lẹ̀gbọ́n gbà wọlé lọ́dún 2018. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa ọ̀nà yẹn, ojú ọ̀nà kékeré kan lásán ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbabẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ò sì gbẹ́yìn, kí wọ́n tó wá tì í pa loṣù Kẹta, ọdún 2023. Ẹni tó bá gbabẹ̀ wọlé tó ní kí ìjọba gba òun mọ́ra gbọ́dọ̀ dúró de ìgbẹ́jọ́. Bó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ padà sílé, ó ti ba ẹjọ́ ara ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. (Ìwé ẹ̀gbọ́n ti jáde báyìí, ẹ bá wa dúpẹ́.) Ibi tó ti ń dúró ni ìyá ẹ̀ ti kú ní Èkìtì, nígbà tí ọdún 2018 ń parí lọ. Òun sì ni àkọ́bí. Wọ́n sin ìyá, àkọ́bí ò sí níbẹ̀. N ò ní láti ṣàlàyé ohun tíyẹn jẹ́ fọ́mọ Yorùbá kankan.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ní kí wọ́n ya fídíò ìsìnkú náà, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò ṣí i. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù, tó bá ti dé, á fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, á sùn. Tá a bá pè é, kò ní gbé e. Ọ̀rẹ́ wa kan, obìnrin, ọmọ Ọ̀ffà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló ní òun mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí, òun ò sì ní í káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ Ẹtì, Fúráìdeè kan loṣù Kejì, ọdún 2019, ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n gbàgbà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. À ń lọ síbì kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ máa bínú nínú mọ́tò.”

Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló wa mọ́tò, ó sì ti gba owó epo lọ́wọ́ wa pé kó tó ṣáná sí i. Mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín wà nínú kúlà. Ẹ̀gbọ́n ò sọ ju “ẹ ṣé” lọ títí a fi dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé la rí ààfin náà, níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ẹ jẹ́ n là á yé yín o. Òjò dídì lèyí tó ń já bọ́ látòkè bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Yìnyín ni omi tó ti dì gbagidi. Nílé, èèyàn lè pe méjèèjì lórúkọ kan náà kó má sí wàhálà, ṣùgbọ́n ní Quebec, ẹni tí kò bá mọ̀yàtọ̀ wọn, ìdí ni yóò fi balẹ̀. Yìnyín yìí ni wọ́n ń gé ní búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tò lérí ara wọn. Ẹ má wulẹ̀ béèrè sìmẹ́ńtì. Omi náà ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, omi á dì, ó di ilé nìyẹn.

Ẹni tó ni ààfin ń jẹ́ Bonhomme. Funfun báláú ni látòkè délẹ̀, ó sanra, ó ga ju èèyàn lọ, ó dé fìlà pupa, ó sì di ọ̀já aláràbarà mọ́dìí. Olórí ìlú máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú fún un tọ́dún bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ẹni tó wà nínú aṣọ náà, èèwọ̀ ni. Bó ṣe ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ Ọ̀ffà fẹ́ lọ dì mọ́ ọn kó lè ya fọ́tò, la bá gbóhùn ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn: “Ẹ rọra o. Egúngún nìyẹn. Obìnrin kì í dì mọ́ egúngún.” Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti sọ látàná nìyẹn.

N ò ní fi ère tí wọ́n fi òjò dídì gbẹ́ dá yín dúró, wọ́n pọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ti adùn kan. Wọ́n ń se omi igi kan báyìí títí á fi ki bí oyin, wọ́n á dà á gbígbóná sórí òjò dídì, wọ́n á wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a. Ẹni tó bá ti jẹ bàbá dúdú rí á mọ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ọtí tún wà tí wọ́n ń pè ní Caribou, wáìnì pupa, ọtí líle àti adùn igi yẹn ni wọ́n pò pọ̀. Ìjẹ̀bú mu ife mẹ́ta. Ọmọ Ọ̀ffà ní kò gbọdọ̀ détí ìyá òun pé òun dúró nítòsí ibẹ̀.

Nígbà tó dalẹ́, a dúró síbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kọjá. Ìwọ̀n 22 sísàlẹ̀ òdo ni. Bàbá arúgbó kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi í pé kí ló dé tí wọn ò ṣe ọdún yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní oṣù márùn-ún lòtútù fi ń wà pẹ̀lú àwọn, níbo la fẹ́ káwọn sá lọ? Ẹ̀gbọ́n ò fèsì, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń mi orí.

Ọjọ́ Sánńdè ni ti ọkọ̀ ojú omi, òun ló sì dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Odò St. Lawrence la Quebec àti ìlú Lévis láàárín. Láyé àtijọ́, kí afárá tó wà (ọdún 1917 ni wọ́n ṣí Afárá Quebec, lẹ́yìn tó ti wó lẹ́ẹ̀mejì tó sì pa èèyàn), ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó lẹ́tà, ẹrù àtèèyàn kọjá láàárín yìnyín. Òun ni wọ́n sọ di eré ìje. Èèyàn márùn-ún ló ń wà nínú ọkọ̀ kan. Níbi tí omi bá wà, wọ́n á wà á. Níbi tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà, wọ́n á ki ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kejì ti yìnyín, tàbí kí wọ́n fò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa fà á. Odò ọ̀hún ò sì dúró o, ó ń gbé yìnyín yẹn lọ, tòun tàwọn tó wà lórí ẹ̀.

Àwọn obìnrin márùn-ún kan há lọ́ọ̀ọ́kán wa. Wọ́n fà á títí, kò lọ. Ọ̀kan yọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ wọnú omi dé itan, àwọn yòókù gbá a mú ní aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pariwo. Èdè Èkìtì ló fi ń ké sí wọn pé kí wọ́n fà á, kí wọ́n má ṣe jáwọ́, ó ń fọwọ́ gbá irin tá a fara tì. Àwọn òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a pariwo. Nígbà tí ọkọ̀ náà yọ nínú yìnyín, ẹ̀gbọ́n ń sunkún, kò sì nù ún. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nínú wa.

A ti kọjá Trois-Rivières, tó wà láàbọ̀ ọ̀nà Montreal, kó tó yọ fóònù. Ó nà án sí ọmọ Ọ̀ffà, ó ní, “Bá mi dì í mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.” Ìjẹ̀bú pa rédíò. Ìlù la kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan tó ń ki ìyá ní oríkì. Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tá a fi ń gbọ́ ọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ń wò ó, àwa tó wà níwájú ń wo títì.

Nígbà tó tán, ó pe àbúrò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òru ti jìn nílé, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ẹ̀gbọ́n ò kí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ta ló ní kẹ́ ẹ fi aṣọ òkè pupa wọ Màmá? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Màmá ò fẹ́ràn pupa ni?” A gbọ́ bí àbúrò ẹ̀ ṣe bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù, tó tún ń sunkún, tó ń sọ pé, “Bọ̀dá mi, àwọn fúnra wọn ni wọ́n rà á kalẹ̀!” Ariyanjiyan aṣọ òkè yẹn ni wọ́n ń bá ara wọn fà títí tá a fi wọ Montreal.